Òṣíbàtà Inú Pálọ̀ àti Ẹja Mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n

Mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n. Iye ẹja tó kú nínú àpótí gíláàsì pálọ̀ mi nìyẹn, láàárín òwúrọ̀ sí ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ṣoṣo. Mo kà wọ́n lẹ́ẹ̀mejì. Mo tò wọ́n sórí abọ́ pẹrẹsẹ bí ẹni tó fẹ́ dín wọn, mo sì kọ iye náà sẹ́yìn ìwé ìdánwò kan tí mo ń máàkì lọ́wọ́. Láti ọjọ́ náà ni akọ̀wé ẹgbẹ́ àgbẹ̀ kòkó abúlé bàbá mi ti ń bẹ̀ mí pé kí iye yẹn má jáde kúrò nínú ilé. Ó ní bí ẹnikẹ́ni bá bi mí, kí n sọ pé ẹja díẹ̀ ló kú. Mo ní mélòó ni díẹ̀. Ó ní díẹ̀ ṣáà ni díẹ̀. Bàọ́lọ́jì ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ sẹ́kọ́ńdírì ní Ìjerò, n kò sì tíì gba "díẹ̀" ní ìdáhùn lọ́wọ́ ọmọ kankan rí. N kò rí ìdí tí màá fi gbà á lọ́wọ́ àgbàlagbà tó ń fi gègé méjì sápò.

Ẹja kọ́ ni mo tìtorí rẹ̀ ṣe gíláàsì náà. Ewé ni mo ń wá, ìbínú ló sì rán mi. Nínú gbogbo ọ́fíìsì ìjọba tí ẹsẹ̀ mi ti dé, tí mo bá ti rí gíláàsì ẹja níbẹ̀, ewé ọ̀rá ni wọ́n máa ń rì sí ìdí rẹ̀: ewé aláwọ̀ pupa, ewé aláwọ̀ búlúù, ewé tí Ọlọ́run kò dá rí. Ẹja kan ṣoṣo á máa lọ á máa bọ̀ láàárín wọn bí ẹni tí wọ́n tì mọ́lé láìgbọ́ ẹjọ́ rẹ̀, ọ̀gá á sì jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, á máa sọ fún mi pé ètò ẹ̀kọ́ ń tẹ̀ síwájú. Mo pinnu pé bí èmi bá ní tèmi, ohunkóhun tí kò bá lè hù, tí kò sì lè kú, kò ní wọ inú rẹ̀. N kò mọ̀ nígbà náà pé apá kejì ìpinnu yẹn yóò ṣẹ tó bẹ́ẹ̀.

Ọkùnrin kan tó ń gé gíláàsì fèrèsé lẹ́yìn ọjà ni mo ní kó bá mi so gíláàsì márùn-ún pọ̀ di àpótí. Ó wo ìwọ̀n tí mo kọ fún un, ó tún wò mí.

"Tíṣà, ṣé ẹ ti fẹ́ fi ṣọ́ọ̀kì sílẹ̀, kí ẹ máa ta bọ́ọ̀nsì ni?"

Mo ní ewé ni mo fẹ́ gbìn sínú rẹ̀. Ó ní ilẹ̀ ṣáà pọ̀ lẹ́yìnkùlé mi. Mo ní inú omi ni. Ó kàn fi gọ́ọ̀mù kún ti ìdí àpótí náà, bí ẹni tó ń ṣàánú mi.

Ewé àkọ́kọ́ wá láti Èkó nínú ọ̀rá. Ẹni tó tà á fún mi lórí fóònù ní ewé náà tutù yọ̀yọ̀. Nígbà tí ó fi dé Ìjerò, ó ti rí bí ẹ̀fọ́ tí wọ́n gbàgbé sínú ìkòkò. Mo gbin èyí tó ṣẹ́ kù sínú òkúta wẹẹrẹ tí mo fọ̀ mọ́ tónítóní, nítorí bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe é nínú fídíò tí mo wò. Kó tó pé ọ̀sẹ̀ méjì, ó ti di omi ọbẹ̀.

Bàbá mi ń gbé lọ́dọ̀ mi lásìkò náà. Àgbẹ̀ kòkó ni. Abúlé kan tí kò jìnnà sí Ìjurin ni oko rẹ̀ wà, ṣùgbọ́n orúnkún rẹ̀ méjèèjì ti kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀, n kò sì lè fi í sílẹ̀ lóun nìkan. Ọmọ Ògún ni. Àdá rẹ̀ bá a wá sí Ìjerò, ojoojúmọ́ ló sì ń nù ún, tó ń kí i, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn méjèèjì kò níbi tí wọ́n ń lọ mọ́. Lẹ́yìn èyí, á jókòó sí pálọ̀, á máa wo gbogbo ohun tí mo bá ń ṣe bí ẹni tí wọ́n yàn ní alábòójútó.

"Kí lo gbìn ín sí?" ó bi mí.

"Òkúta wẹẹrẹ ni, Bàbá. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn."

"Àwọn ta ni?"

"Àwọn òyìnbó."

"Àwọn òyìnbó ń jẹ òkúta?"

"Rárá, sà."

"Ewé wọn ló ń jẹ ẹ́?"

Ó yí ojú sí fèrèsé.

"Ìwọ ni tíṣà, n kò bá ọ jiyàn. N kò ṣáà tíì rí ugi tó fi òkúta yó rí." Igi ló ń pè bẹ́ẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì ó rán mi sí oko rẹ̀ pé kí n bu ilẹ̀ dúdú abẹ́ ìdí kòkó àtijọ́ wá. Mo fẹ́ dà á sínú gíláàsì bó ti wà. Ó ní bí mo bá ṣe bẹ́ẹ̀, pálọ̀ yóò máa rùn bí ẹnu ìkookò. Ó ní kí n sá a gbẹ, kí n rẹ ẹ́ sómi, kí n da omi náà nù, kí n tún un sá, títí tí òórùn rẹ̀ yóò fi tán pátápátá. Ìgbà mẹ́rin ni mo ṣe é. Lẹ́yìn náà ni mo tẹ́ ẹ sí ìdí gíláàsì ní ìwọ̀n ìka méjì, mo sì fi yanrìn odò tí mo ti fọ̀ bò ó, kí ilẹ̀ má baà rú. Nínú gbogbo ohun tí mo ti kà lórí ọ̀rọ̀ yìí, kò sí èyí tó ṣe mí láǹfààní tó ìlànà ọkùnrin tí kò jókòó ní kíláàsì rí yìí. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ níhìn-ín kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé mo fi í pamọ́.

Ewé ló wá kù. Mo fi àwòrán kan hàn án lórí fóònù: ewé pupa rẹ́súrẹ́sú kan tí àwọn olówó òkè òkun ń rà láti fi ṣe ọ̀ṣọ́ sínú gíláàsì wọn. Ó gbé fóònù náà súnmọ́ ojú, ó gbé e jìnnà.

"Òṣíbàtà rèé."

"Orúkọ tó ń jẹ́ lọ́dọ̀ wọn yàtọ̀, Bàbá. Wọ́n ń tà á ni."

"Òṣíbàtà tó wà lódò ẹsẹ̀ òkè, lọ́nà Ẹ̀fọ̀n, òun ni wọ́n ń tà?"

"Òun náà ni, sà."

"Wọ́n a tún máa ta ojúoró?"

"Wọ́n ń tà á."

Ó rẹ́rìn-ín títí tí ikọ́ fi gbé e. Inú bí mi, kì í ṣe sí i, bí kò ṣe sí àwọn tó kọ́ mi. Mo lo ọdún mélòó kan ní yunifásítì, mo sì gba oyè níbẹ̀. Ewé inú omi tí a fi kọ́ mi nípa bí ewé ṣe ń mí jẹ́ ewé ilẹ̀ òtútù. A ya àwòrán rẹ̀, a gba máàkì lórí rẹ̀, a kò sì fojú kàn án rí. Ní gbogbo àkókò yẹn, òṣíbàtà wà nínú odò ilé wa, ojúoró wà lórí omi, kò sì sí olùkọ́ kan tó fi orúkọ wọn sínú ìwé. Àwọn baba wa ti sọ pé ojúoró ní í lékè omi, òṣíbàtà ní í lékè odò. Àwọn tó kọ ìwé wa kò gbà kí èyíkéyìí nínú wọn lékè ohunkóhun.

Mo gun ọ̀kadà lọ sí odò náà. Mo gbẹ́ òṣíbàtà mẹ́fà, tí usu ìdí wọn, iṣu kéékèèké tí wọ́n fi ń hù, kò tóbi ju ẹyìn lọ, mo sì gbé ewé kan tó máa ń di mọ́ ara òkúta níbi tí omi ti ń sáré, tòun ti òkúta rẹ̀, ewé líle, aláwọ̀ dúdú díẹ̀, tó là bí ìyẹ́ adìẹ. Mo fi àwọ̀n kó ẹja wẹẹrẹ pẹ̀lú wọn, àwọn tí kò gùn ju ìka ọwọ́ lọ, torí pé ìgbẹ́ ẹja ni ajílẹ̀ ewé. Ẹni tó gbé mi bi mí bóyá ọbẹ̀ ni mo fẹ́ fi wọ́n sè. Mo ní n kò ní sè wọ́n. Ó dín náírà mẹ́wàá nínú owó mi, ó ní Ọlọ́run yóò wò mí sàn.

Láti ìgbà náà, gíláàsì yẹn kúrò lọ́wọ́ mi. Ó di oko bàbá mi. Ó gbé àga rẹ̀ kúrò lẹ́bàá fèrèsé wá síwájú rẹ̀. Bí òṣíbàtà bá ti na ọrùn, tó fẹ́ gbé ewé rẹ̀ lọ tẹ́ sójú omi, bàbá mi á ti fi sísọ́ọ̀sì gé e láti ìdí. Ó ní bí a ṣe ń gé ẹ̀ka olè tó ń yọ nídìí kòkó nìyẹn: bí o bá jẹ́ kó lọ sókè, ìsàlẹ̀ á ṣófo, bí o bá gé e, ìbínú á mú un hu mẹ́ta sídìí. Òtítọ́ ni. Láàárín oṣù díẹ̀, òṣíbàtà tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní ewé mẹ́rin péré ti di igbó pupa, ó kún láti ìdí gíláàsì dé àárín rẹ̀, ẹja á wọ inú rẹ̀ láti apá kan, a ó sì máa retí wọn lápá kejì. Òṣíbàtà tí òwe ní ó ń lékè odò, arúgbó kan tí kò lè gun òkè ilé kò jẹ́ kó lékè omi garawa mẹ́rin.

Èmi ni mo mú ọ̀rọ̀ ẹmu wá, ó sì yẹ kí n gba ẹ̀bi tèmi. Ewé nílò irú afẹ́fẹ́ tí àwa ń mí síta, ẹmu tó ń hó sì ń tú u jáde lọ́pọ̀lọpọ̀. Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ẹmu tó bá ṣẹ́ kù lọ́wọ́ bàbá mi ni mo ń dà sínú ìgò kan pẹ̀lú ṣúgà, tí mo sì fi rọ́bà dírìpù tí mo rà ní kẹ́míìsì gbé afẹ́fẹ́ rẹ̀ wọ inú omi, ní ẹyọ ẹyọ. Ewé yọ̀. Bàbá mi kò yọ̀.

"Èmi ni mo ra ẹmu," ó ní, "ewé ló ń mu ún."

Aládùúgbò wa kan, ìyá àgbàlagbà tó ń ta aṣọ, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Àlájà, máa ń yà wá wo igbó náà ní ọjọ́ Jímọ̀ bó bá ti kírun tán. Ó wo ìgò náà, ó gbóòórùn rẹ̀, ó fà sẹ́yìn.

"Tíṣà, ẹmu lo fi ń tọ́ ẹja?"

"Ewé ni, mà. Afẹ́fẹ́ rẹ̀ nìkan ló ń wọlé."

"Ohun tí gbogbo ọ̀mùtí ń wí nìyẹn, pé òórùn rẹ̀ nìkan làwọn gbọ́." Ó yíjú sí bàbá mi. "Bàbá oníkòkó, bí àwọn ẹja yìí bá kú, kí ẹnikẹ́ni má ránṣẹ́ pe àáfà wa o. Ọwọ́ yín ni wọ́n kú sí."

"Wọn ò ní kú," bàbá mi ní. "Àwọn tó ń mu omi lásán ni ikú ń pa."

Bí wọ́n ṣe ń fi ẹnu ṣeré nìyẹn. Mo sọ ọ́ nítorí pé lẹ́yìn tí ohun tó ṣẹlẹ̀ ṣẹlẹ̀, Àlájà sunkún lórí àwàdà yẹn, kò sì yẹ kó sunkún.

Ẹ̀bi àkọ́kọ́ tèmi ni. Wákàtí méje ni mo ń tan iná sí gíláàsì náà lójúmọ́. Nígbà tí mo ra bátìrì sólà tuntun, tí n kò tún ní í wo ojú àwọn oníná mọ́, mo sọ ọ́ di wákàtí mẹ́tàlá. Ìgbéraga ni: mo fẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó bá wọlé rí i. Bàbá mi kìlọ̀ fún mi. Ó ní kòkó ò fẹ́ oòrùn ojúkojú, abẹ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀ la ti ń tọ́ ọ. Kí ló dé tí mo ń yan ewé lára bí àgbàdo? Mo dá a lóhùn pé ewé inú omi kì í ṣe kòkó, mo sì fi ohùn tí mo fi ń bá ọmọ kíláàsì kejì sọ̀rọ̀ sọ ọ́. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ohun dúdú kan bí irun imú hù yí etí gbogbo ewé ká. Bí mo bá fi ọwọ́ yọ ọ́, á tún hù.

"Ó jọ àrùn tó ń mú èso kòkó dúdú," bàbá mi ní.

"Kò jọ ọ́, Bàbá. Ẹ jẹ́ kí n kà nípa rẹ̀."

"Títí dìgbà wo?"

"Títí tí màá fi kà á tán."

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kan, ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn èyí, mo lọ sí ìpàdé àwọn olùkọ́ ní Àràmọ̀kọ láàárọ̀. N kò tíì kà á tán.

Ó yẹ kí n sọ bí òògùn ṣe dé ilé mi. Ẹgbẹ́ àgbẹ̀ kòkó abúlé bàbá mi máa ń dáwó jọ ra òògùn nínú kẹ́ẹ̀gì ńlá. Bí ìpàdé bá parí, kálukú á gbé ìgò tirẹ̀ láti ilé wá, ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò ni púpọ̀ nínú wọn, akọ̀wé á sì bu ìpín kálukú fún un bí ẹni ń pín ẹmu. Bàbá mi wà lára àwọn tó dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀. Kò dé oko mọ́, síbẹ̀ wọn kì í fo ìpín rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò kan tó bá ń bọ̀ ní Ìjerò á gbé e wá fún un. Ọ̀wọ̀ ni. Ìgò náà á wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn yàrá rẹ̀, kò ní í lò ó, ṣùgbọ́n bó bá ti rí i, ó mọ̀ pé wọ́n ṣì ń pe orúkọ òun nípàdé. N kò lè ní kó dà á nù. Bóyá ó yẹ kí n lè.

Nígbà tí mo padà dé ní ìrọ̀lẹ́, bàbá mi ti yí àga rẹ̀ padà. Ó kọ ẹ̀yìn sí gíláàsì. Àwọn ẹja ti léfòó, ikùn funfun wọn wà lókè. Ohunkóhun kò ṣe irun dúdú tó wà létí ewé. Ó ń mì lẹ́gbẹ̀lẹ́gbẹ̀ bó ti ń mì láàárọ̀.

"Bàbá, kí lẹ dà sí i?"

"Òògùn àrùn dúdú." Kò wò mí. "Ìdajì ìdérí péré. Nígbà tí mo wà lóko, bí omi àgbá ahéré bá hu ewé, ìwọ̀n bẹ́ẹ̀ ni mò ń fi sí i. Ọ̀pọ̀lọ́ inú rẹ̀ kì í kú."

"Ẹ ò dúró dè mí."

"Mo ti dúró dè ọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì."

Mo ní ọ̀rọ̀ púpọ̀ lẹ́nu. Mo gbé abọ́, mo lọ kó ẹja.

Lọ́jọ́ kejì mo pe akọ̀wé ẹgbẹ́ náà lórí fóònù. Kí oòrùn tó kan àtàrí, ó ti gun ọ̀kadà dé, ó dọ̀bálẹ̀ fún bàbá mi, ó sì kí mi bí ẹni tó wá yá nǹkan. Mo gbé ìgò náà síwájú rẹ̀. Ó ṣí i, ó fi imú kàn án, ojú rẹ̀ sì yí padà.

"Kí ló wà nínú rẹ̀?" mo bi í.

"Òògùn ni, Tíṣà."

"Ti àrùn dúdú ni àbí ti kòkòrò?"

Ó wo ilẹ̀. "Ti kòkòrò ni."

"Báwo ni àgbà ṣe fẹ́ mọ̀ ọ́n yàtọ̀?"

"A kéde rẹ̀ nípàdé. Ìdérí pupa ni ti kòkòrò, ìdérí dúdú ni ti àrùn. Gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ ló mọ̀ ọ́n."

Dúdú ni ìdérí tó wà lórí ìgò náà. Bàbá mi ló ṣàlàyé rẹ̀, láìyí ojú padà. Ó ní ìdérí pupa ń jò lórí ọ̀kadà, ẹni tó gbé e wá sì bọ́ ìdérí ìgò omi ara rẹ̀ dé e, kí òògùn má baà da sí i nítan. Ó sọ fún òun, òun sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọ̀ ìdérí àkọ́kọ́ ni òun kò bèèrè.

Ẹ gbọ́ ọ dáadáa. Òògùn olóró méjì, àwọ̀ kan náà, nínú ìgò tí ọmọ ilé ń fi mu ọtí dídùn, kò sí lẹ́tà kan lára wọn. Ohun tó dúró láàárín àgbẹ̀ àti ikú ni ìdérí rọ́bà tó kéré ju kọ́bọ̀ àtijọ́ lọ. Mo bi akọ̀wé bóyá orúkọ wà lára kẹ́ẹ̀gì tí wọ́n rà á nínú rẹ̀. Ó ní ó wà. Mo ní ìwọ̀n ńkọ́. Ó ní ó wà, pẹ̀lú àwòrán ẹja tí wọ́n fa igi lé lórí. Mo ní níbo ni kẹ́ẹ̀gì náà wà. Ó ní wọ́n ti fọ̀ ọ́, wọ́n ń fi pọn omi.

Mo sọ fún un pé màá kọ ọ́ síta, àti iye ẹja tó kú.

"Tíṣà," akọ̀wé ní, "ẹja ni, kì í ṣe ènìyàn. Bí ẹ bá gbé iye yẹn síta, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í wo ìgò ara wọn. Wọ́n á ní òògùn kòkòrò làwọn fọ́n sí kòkó tó ń dúdú. Wọ́n á ní àwọn olóyè ló bà á jẹ́."

"Ṣé irọ́ ni wọ́n máa pa?"

"Ẹ ro ti Bàbá. Gbogbo ayé á ní òun ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ pa ẹja náà. Ẹni tó ń kọ́ wa bí a ṣe ń tọ́ kòkó. Ṣé ohun tí ẹ fẹ́ kí wọ́n máa sọ nípa rẹ̀ nìyẹn?"

Mo gbà pé ọgbọ́n wà nínú ìbéèrè yẹn. Òun nìkan ló dá mi dúró. N kò bìkítà fún àwọn olóyè. Ṣùgbọ́n bàbá mi kò tíì kí àdá rẹ̀ láti ọjọ́ yẹn, kò sì yí àga rẹ̀ padà. Àlájà wá, ó pè é ní Bàbá oníkòkó bó ti ń ṣe, kò dáhùn. Bí mo bá kọ ọ̀rọ̀ náà, orúkọ rẹ̀ ni wọn yóò kọ́kọ́ fà. Bí n kò bá kọ ọ́, ìgò mìíràn yóò kúrò lábúlé náà ní ìpàdé tó ń bọ̀, n kò sì mọ ilé tí yóò wọ̀.

Ní àkókò yẹn, mo ní láti hú igbó náà. Irú òògùn bẹ́ẹ̀ kì í tètè kúrò nínú ilẹ̀. Bí mo bá fi ewé náà sílẹ̀ níbẹ̀, gbogbo ẹja tí mo bá tún kó wá ni yóò kú. Mo da omi rẹ̀ sínú kòtò jíjìn tó jìnnà sí kànga, mo kó ilẹ̀ àti yanrìn sínú àpò, mo fa òṣíbàtà tu ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Gbòǹgbò wọn ti lọ́ mọ́ra bí irun tí wọn kò tíì yà. Mo gé gbogbo ewé tó ní irun dúdú, usu ìdí wọn nìkan ni mo fọ̀ sínú garawa, mo ń pààrọ̀ omi rẹ̀ lójoojúmọ́.

Lọ́jọ́ karùn-ún, mo gbọ́ ìró àga lẹ́yìn mi. Bàbá mi ti yí i padà. Ó ń wo gíláàsì òfìfo.

"Mélòó lo sọ pé ó kú?"

"Mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n, sà."

"Mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni mo kà."

N kò mọ̀ títí di ìgbà yẹn pé òun náà ti kà wọ́n. Ó ti dúró níbẹ̀, pẹ̀lú orúnkún yẹn, ó kà wọ́n tán kó tó lọ jókòó, kó tó kọ ẹ̀yìn sí wọn.

"Ọ̀kan há sábẹ́ òkúta, Bàbá."

"Háà. Akọ̀wé ní o fẹ́ kọ ọ́."

"Bí ẹ bá ní kí n má kọ ọ́, n kò ní kọ ọ́."

"Kọ mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n. Má kọ díẹ̀. Kọ ọ́ pé èmi ni mo dà á." Ó na ọwọ́ sí garawa, ó mú usu òṣíbàtà kan, ó fi èékánná tẹ̀ ẹ́ bí a ṣe ń tẹ èso láti mọ̀ bó bá gbó. "Kí o sì kọ ọ́ pé ìwọ lo fi iná sílẹ̀ títí tí irun dúdú fi hù. Kì í ṣe èmi nìkan ni yóò gbé ẹ̀bi náà."

Mo ti kọ ọ́. Wákàtí mẹ́tàlá, ìgbéraga, èmi ni.

Nínú usu mẹ́fà náà, mẹ́rin ló yè. A tún bu ilẹ̀ tuntun, bàbá mi tún ní kí n sá a nígbà mẹ́rin, n kò sì jiyàn. Wákàtí mẹ́fà ni iná ń tàn báyìí. Òun ló ń pa á. Ewé tuntun kan ti yọ, kò tóbi ju èékánná àtàǹpàkò lọ, pupa bí ojú ẹni tó sunkún. Kò tíì sí ẹja. Ó ní kí n jẹ́ kí igbó kọ́kọ́ hù. Sísọ́ọ̀sì rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àdá rẹ̀, àwọn méjèèjì ló sì ń nù láàárọ̀.

Ìpín rẹ̀ oṣù yìí náà ti dé. Nínú ìgò ọsàn ni. Ìdérí rẹ̀ funfun.

Nítorí náà, ẹ̀yin olóyè ẹgbẹ́, ẹ̀yin ni mò ń bá sọ̀rọ̀, pẹ̀lú gbogbo ẹgbẹ́ tó bá ń pín tiwọn bákan náà. Mo ti gbé ìgò náà padà fún akọ̀wé yín, mo sì ti sọ fún un pé bàbá mi ń fẹ́ ìpín rẹ̀ síbẹ̀. Ẹ má fo orúkọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó tún ṣí kẹ́ẹ̀gì kankan, ẹ ra ìgò tí kì í ṣe ti ohun mímu. Ẹ lẹ ìwé mọ́ ara rẹ̀, kì í ṣe mọ́ ìdérí. Ẹ kọ orúkọ òògùn náà sí i ní èdè tí à ń sọ nípàdé, ẹ kọ ìwọ̀n rẹ̀, ẹ kọ ohun tó ń pa, ẹ sì kà á sókè fún ẹni tí kò lè kàwé kó tó gbé e kúrò níwájú yín. Ẹ lu kẹ́ẹ̀gì tó bá ti ṣófo, kí ó má lè gba omi mọ́. Ẹ sì lọ gba èyí tó wà nílé ẹni tó ń fi pọn omi lónìí, ẹ má dúró de ìpàdé. Lẹ́yìn náà, ẹ pe gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ jọ, kí wọ́n gbé ìgò tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn wọn wá, kí ẹ sì sọ fún wọn, láìfi "díẹ̀" kún un, iye ìgò tí ẹ̀yin fúnra yín kò lè dá mọ̀ yàtọ̀.